Ẹ Bi Wá: Mari Andriessen, Òṣìṣẹ́ Èbúté Amsterdam, àti Bí Ère Ìrántí Ṣe Ń Dúró

Nínú ìwé ìròyìn wa tó jáde kẹ́yìn, a mẹ́nu ba De Dokwerker, ère òṣìṣẹ́ èbúté tí Mari Andriessen fi idẹ ṣe sí ìlú Amsterdam ní ìrántí ìyanṣẹ́lódì oṣù Kejì ọdún 1941. Lẹ́tà ń rọ́ wọlé látìgbà náà. Àwọn kan ń bi wá nípa ẹni tó ṣe é, àwọn kan ń bi wá nípa bí wọ́n ṣe ń dà á, àwọn mìíràn sì ní ère tiwọn lọ́wọ́ tó fẹ́ dà wọ́n láàmú. Àwọn tí a lè dáhùn dáadáa ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta gan-an ni Mari Andriessen yìí? Ṣé ère ogun nìkan ló ṣe láyé rẹ̀ ni?

Ìlú Haarlem ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1897, ibẹ̀ náà ló kú sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1979, lẹ́yìn tó ti pé ọmọ ọdún 82. Ilé olórin ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ ń ya àwòrán. Willem, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, di ògbóǹtarìgì nídìí piano. Hendrik, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kejì, di ọ̀kan nínú àwọn akọrinsílẹ̀ tó lórúkọ jù lọ ní Nẹ́dálándì. Bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ Louis Andriessen, olórin ìgbàlódé tó kú ní 2021, ọmọ Hendrik ni, Mari sì ni àbúrò bàbá rẹ̀.

Haarlem ló ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́, kó tó lọ sí Rijksakademie, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Amsterdam, lábẹ́ Jan Bronner. Ẹ má fojú kékeré wo orúkọ Bronner yìí. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe ère ìrántí ní Nẹ́dálándì lẹ́yìn ogun. Ohun tó sì ń tẹ̀ mọ́ wọn létí ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá bí ìwúwo ara ṣe ń bọ́ sílẹ̀, bí ọwọ̀n ilé, kí wọ́n tó ronú kan ojú tàbí aṣọ. Òun fúnra rẹ̀ kò kánjú rárá: ère ìrántí òǹkọ̀wé Hildebrand tí wọ́n gbé fún un ní Haarlem ní ọdún 1914, ọdún 1962 ni wọ́n tó ṣí i.

Ṣáájú ogun, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni Andriessen ń ṣe ère fún jù, títí kan ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Sint-Bavo ní Haarlem. Ní tiwa, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti wá. Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ wá bí ara ènìyàn ṣe ń ru ìyà láì pariwo, ọwọ́ onítọ̀hún ti mọ ọ̀nà nígbà tí wọ́n wá ní kó ṣe ère àwọn tí ogun pa.

Iṣẹ́ lẹ́yìn ogun ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀. Ó ṣe ọkùnrin tó dúró níwájú ìbọn sí Haarlem (1949). Ó ṣe obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ sí abúlé Putten (1949), níbi tí àwọn Jámánì ti kó ọkùnrin tó lé ní 600 lọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1944, tí díẹ̀ péré sì padà wálé. De Dokwerker tẹ̀ lé e ní 1952, àti ọ̀wọ́ ère inú Volkspark ní Enschede ní 1953. Àmọ́ kì í ṣe ogun nìkan. Òun ló ṣe ère Cornelis Lely, ẹnjiníà tó gbèrò bí wọ́n ṣe máa sé apá òkun tó ń jẹ́ Zuiderzee, sí orí Afsluitdijk, ògiri gígùn tí wọ́n fi sé e, ní 1954, àti ère Ọbabìnrin Wilhelmina nínú Wilhelminapark ní Utrecht ní 1968. Anne Frank kékeré tó wà ní Westermarkt ní Amsterdam, ọdún 1977 ló gbé e kalẹ̀, nígbà tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún.

Mo rí fọ́tò De Dokwerker. Kò gbé ìbọn, kò gbé àsíá, kò na ìka sí ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tí wọ́n fi ní ère akọni ni? Ìtàn wo ló sì wà ní ìdí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ìtàn wá. Ní ọjọ́ 22 àti 23 oṣù Kejì ọdún 1941, àwọn ọlọ́pàá Jámánì ya wọ àdúgbò àwọn Júù ní Amsterdam, wọ́n kó ọkùnrin tó lé ní 400, wọ́n sì mú wọn kúnlẹ̀ lórí pápá Jonas Daniël Meijerplein. Àgọ́ ìyà ni wọ́n kó wọn lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tó padà nínú wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú méjì tó jẹ́ Kọ́múníìsì, Piet Nak àti Willem Kraan, pe ìpàdé ní gbangba ní Noordermarkt. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 25 máa fi mọ́, ọkọ̀ tíráàmù kò jáde, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi dákẹ́, ṣọ́ọ̀bù tìlẹ̀kùn. Ọjọ́ kejì ni àwọn Jámánì fi ìbọn fọ́ ọ. Lára àwọn méjìdínlógún tí wọ́n yìnbọn pa nítòsí The Hague ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta, mẹ́ta jẹ́ ti ìyanṣẹ́lódì náà.

Ẹ wá wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ gan-an: àwọn ènìyàn kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó gbé ìbọn. Tí Andriessen bá fi ìbọn sí ọkùnrin yìí lọ́wọ́, irọ́ ni ì bá pa. Ohun tó ṣe le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó wá bí ẹni tó kọ̀ ṣe ń dúró. Ọkùnrin náà sígbọnlẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, àyà rẹ̀ yọ síwájú, orí rẹ̀ gbé sẹ́yìn díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo, wọ́n sì jìnnà sí ara. Kò tíì lu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ pé kò ní kúrò níbi tó wà.

Àlàfo tó wà láàárín apá àti ìhà yẹn ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Bí ẹ bá dúró lókèèrè, tí oòrùn wà lẹ́yìn ère, ojú kì í rí ojú ère mọ́. Òjìji rẹ̀ nìkan ló kù. Ère tí apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara á di òpó lásán. Ti Andriessen yìí, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín apá àti ara kọjá, ẹ ó sì mọ̀ láti òdìkejì pápá pé ènìyàn ni, àti pé ó ti ṣe tán. Willem Termetz, káfíńtà ará Haarlem, ló dúró fún un. Ara oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn, tí kò ní ìrísí eléré ìdárayá rárá, ó sì hàn nínú amọ̀ náà.

Ọbabìnrin Juliana ló ṣí ère náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, lórí pápá kan náà tí wọ́n ti mú àwọn ọkùnrin yẹn kúnlẹ̀, ní iwájú sínágọ́gù àwọn Júù Pọtogí tí wọ́n kọ́ parí ní 1675.

Mo ń kọ́ iṣẹ́ ère ṣíṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ère amọ̀ tó ga tó 2 mítà ṣe ń di idẹ. Ẹ má fo ibì kankan.

Ẹ jókòó o, nítorí ó gùn.

Egungun irin ló ṣáájú. Páìpù irin tó nípọn tó íǹṣì kan ni kí ẹ fi bóòtù de mọ́ pákó tó lágbára, kó gba ẹ̀yìn ère wọlé, kó má gba inú ẹsẹ̀, kí ẹ lè yí ẹsẹ̀ padà bó bá wù yín. Ẹ so wáyà mọ́ ọn fún apá àti ẹsẹ̀, kí ẹ sì so igi kéékèèké tí ẹ dì ní àgbélébùú rọ̀ sí inú àyà àti ikùn. Àwọn àgbélébùú yìí ló ń di amọ̀ mú kó má bàa yọ́ wálẹ̀. Amọ̀ fún ọkùnrin tó sanra, tó ga ní 2 mítà, á tó 250 kílò, gbogbo rẹ̀ ló sì máa fi ara ti irin yẹn.

Bí ẹ bá ti mọ ọ́n parí, mọ́ọ̀dù ló kàn. Láyé ọjọ́un, POP nìkan ni. Lónìí, rọ́bà sílíkónì tó nípọn tó 6 sí 8 mìlímítà ni ọ̀pọ̀ ń fi kun amọ̀, wọ́n á wá fi POP bò ó lókè kó má bàa yẹ̀. Kí ẹ tó kùn ún, ẹ pín ère sí ọ̀nà: orí, apá kọ̀ọ̀kan, àyà, ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ìpín náà gba ibi tí ẹ lè lọ̀ dán lẹ́yìn ọ̀la, irú bí etí aṣọ. Ẹni tó bá gbé ojú ìpín gba àárín ojú ère kọjá á jẹ̀bi ara rẹ̀.

Ẹ yọ mọ́ọ̀dù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìda gbígbóná sí inú rẹ̀, ìpele lórí ìpele, títí tí yóò fi nípọn tó 5 mìlímítà. Ìnípọn ìda ni ìnípọn idẹ. Ibi tó bá fẹ́lẹ́ ju 3 mìlímítà lọ, idẹ á dì kó tó dé ibẹ̀, ihò á sì wà. Ibi tó bá nípọn ju 10 mìlímítà lọ á pẹ́ kó tó dì ju àyíká rẹ̀ lọ, á sì ya tàbí kó jìn sínú. Nítorí náà, ìnípọn kan náà níbi gbogbo ṣe pàtàkì ju kí ó fẹ́lẹ́ lọ.

Ìda tó ti jáde nínú mọ́ọ̀dù ni kí ẹ tún ṣe dáadáa, nítorí pé àbùkù tí ẹ fi 1 ìṣẹ́jú tún ṣe nínú ìda, ó lè gba odindi òwúrọ̀ nínú idẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ rọ àpòpọ̀ POP àti bíríkì lílọ̀ sí ihò inú ìda. Ìyẹn ni inú ère. Ẹ kan ìṣó gba ìda kọjá wọ inú rẹ̀, kí ìdajì ìṣó yọ síta. Nígbà tí ìda bá yọ́ lọ, ìṣó yìí nìkan ló máa gbé inú ère dúró ní àárín. Ìṣó sitéńlẹ́ẹ̀sì tàbí ti idẹ ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fi ìṣó irin lásán síbẹ̀ tí ẹ gbàgbé láti yọ ọ́, lẹ́yìn ọdún mélòó kan yóò dógùn-ún, omi pupa á máa ṣàn lára ère.

Ẹ wá lẹ ọ̀pá ìda mọ́ ọn. Àwọn tó nípọn, bíi 15 sí 20 mìlímítà, ni ọ̀nà tí idẹ máa gbà wọlé. Àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde. Gbogbo ibi tó bá ga nínú ère, bí orí ìka tàbí etí fìlà, gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà atẹ́gùn, torí afẹ́fẹ́ tí kò bá ríbi gbà á dènà idẹ. Ẹ fi àpòpọ̀ POP àti bíríkì kan náà bo gbogbo rẹ̀ níta, ẹ fi wáyà adìyẹ wé e.

Ó di inú ààrò. Ìda á kọ́kọ́ ṣàn jáde. Lẹ́yìn náà ẹ máa mú ooru gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé nǹkan bí 600 sí 700 dígírì, kí ẹ sì mú un dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó wà lọ́wọ́ bó ṣe tóbi sí. Ìgbà tí kò bá sí èéfín mọ́, tí ẹnu ihò sì funfun láìní dúdú, ló tó jinná. Ibí ni ẹ ò gbọdọ̀ ti kánjú. Omi tó bá ṣẹ́kù nínú POP á di oru gbígbóná nígbà tí idẹ bá kàn án, á sì tú idẹ gbígbóná dànù sójú àwọn tó ń dà á. Kò sí ère tó tó ojú ènìyàn.

Idẹ tí wọ́n ń lò jù fún irú ère yìí jẹ́ bàbà tó tó 90% àti tánńganran 10%, tàbí bàbà 85% pẹ̀lú tánńganran, síǹkì àti òjé ní 5% kọ̀ọ̀kan. Ẹ ri mọ́ọ̀dù mọ́ inú iyanrìn, kí ẹ gbọ́n ìdọ̀tí tó léfòó lórí idẹ yíyọ́ dànù, kí ẹ sì dà á ní nǹkan bí 1,100 sí 1,150 dígírì láì dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, ìlà kan á hàn lára ère níbi tí èyí tó kọ́kọ́ wọlé àti èyí tó tẹ̀ lé e ti pàdé láì lẹ̀ mọ́ra. Bó bá gbóná jù, á fa afẹ́fẹ́ sínú, ara ère á sì kún fún ihò kéékèèké bí ojú kànìnkànìn.

Nígbà tó bá tutù, ẹ fọ́ ọ yọ, ẹ gé ọ̀pá idẹ kúrò, ẹ yọ inú ère àti gbogbo ìṣó, kí ẹ fi idẹ irú kan náà jó àwọn ọ̀nà tí ẹ pín ère sí pọ̀. Idẹ irú kan náà ni mo wí, torí bí wọ́n bá yàtọ̀, àwọ̀ ojú ìpín á yọ bí àpá nígbà tí ẹ bá ń kùn ún. Ẹ fi ṣísẹ̀lì àti òòlù kékeré dá ojú ara ère padà, kí ojú ìpín má hàn.

Àwọ̀ ló kẹ́yìn. Ẹ fi iná gáàsì mú ara idẹ gbóná títí tí omi tí ẹ bá wọ́n sí i á fi gbẹ lójú ẹsẹ̀. Èròjà onísọ́fúrì ń mú dúdú àti búráùn wá, nítíréètì irin ń mú pupa rẹ́súrẹ́sú wá, nítíréètì bàbà ń mú àwọ̀ ewé wá. Ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́wàá dára ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Kó tó tutù tán, ẹ fi ìda pa á.

Ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà sí: láti amọ̀ dé idẹ, ère á sún kì ní bíi 2%. Ère tó ga ní 2 mítà lè dín ní nǹkan bí 4 sẹ̀ǹtímítà. Bí pèpéle rẹ̀ bá ti ní ihò bóòtù tẹ́lẹ̀, kò ní bá a mu.

Ère amọ̀ mi ń ya ní ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ń tẹ̀ síwájú. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Ohun méjì ni. Èkíní, amọ̀ ń gbẹ. Amọ̀ ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, irin inú rẹ̀ kì í sún kì, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ya. Ẹ máa wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ fi náílọ̀n wé e pátápátá. Aṣọ tútù nìkan kò tó. Èkejì, irin yín tín-ínrín jù, ó ń tẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Ẹ má fi amọ̀ dí ibi tó ya. Ẹ fi igi gbé àyà ère dúró níwájú, ẹ bó amọ̀ ẹsẹ̀ kúrò títí dé irin, ẹ fi irin mìíràn kún un, kí ẹ tún un mọ.

Wọ́n ní kí n sọ ère kékeré mi tó ga ní 40 sẹ̀ǹtímítà di 2 mítà. Ṣé kí n kàn fi 5 sọ gbogbo nǹkan di púpọ̀ ni?

Fún gígùn, bẹ́ẹ̀ ni. Fún nǹkan mìíràn, rárá, ibẹ̀ sì ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò ṣírò. Gígùn di ìlọ́po 5, ojú ara di ìlọ́po 25, ìwúwo di ìlọ́po 125. Amọ̀ 2 kílò di 250 kílò. Idẹ tirẹ̀ rọrùn díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ ṣófo: mítà kan lóròó àti níbùú tó nípọn ní 5 mìlímítà wúwo tó nǹkan bí 44 kílò. Bí ojú ara ère bá tó 3 irú rẹ̀, nǹkan bí 132 kílò ni, láì tíì ka ìpìlẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ àti ojú ibi tí ẹ jó pọ̀.

Ọ̀nà àtijọ́ láti gbé e ga ni kọ́ńpáàsì mẹ́ta. Ẹ yan ibi mẹ́ta tí kò ní yẹ̀ lára ère kékeré àti lára egungun irin ńlá, ẹ wọn jíjìnnà imú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ibi tí kọ́ńpáàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé ni imú wà. Ẹ̀rọ tó ń ya ère kékeré sínú kọ̀ǹpútà, tí á sì gé e jáde nínú fóòmù, ń ṣe é kíákíá lónìí. Tí ẹ bá gba ọ̀nà yìí, ẹ dín fóòmù kù ní 2 sẹ̀ǹtímítà yípo, kí ẹ fi amọ̀ bò ó, kí ẹ sì tún gbogbo ojú ara rẹ̀ mọ lọ́wọ́. Àpá ìka tó dùn ún wò lára ère kékeré á di kòtò bó bá di ìlọ́po 5. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó wà nílẹ̀ ló máa wo ère ńlá, orí rẹ̀ á sì dà bí èyí tó kéré jù. Ẹ gun àkàbà sọ̀kalẹ̀ lemọ́lemọ́, kí ẹ máa wò ó láti ibi tí àwọn ará ìta máa ti wò ó.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n fi ebi pa àwọn oníṣẹ́ ère tí kò fọwọ́ sí ìwé fún àwọn Jámánì?

Òótọ́ ni pé wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1941, ìjọba àwọn Jámánì dá Kultuurkamer, ẹgbẹ́ tí wọ́n fi ń ṣàkóso àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà tí kò bá wọ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe àfihàn, kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ìlú. Àwọn Júù kò sì lè wọ inú rẹ̀ rárá. Andriessen kọ̀ ọ́.

Àwọn kan kò dúró sórí kíkọ̀ nìkan. Ọ̀gá agbẹ́re ni Gerrit van der Veen. Ọwọ́ tó fi ń ṣe ère ló fi ṣètò ayédèrú káàdì ìdánimọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀, kí àwọn Júù àti àwọn tó ń sá pamọ́ lè rí nǹkan fi hàn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1943, ó wà lára àwọn tó kọ lu ilé tí ìwé orúkọ àwọn ará Amsterdam wà, kí àwọn Jámánì má bàa lè fi ìwé yẹn dá ayédèrú káàdì mọ̀. Wọ́n mú un lẹ́yìn tí ìbọn bà á níbi tó ti ń gbìyànjú láti tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀, wọ́n sì pa á ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1944, pẹ̀lú Johan Limpers tí òun náà jẹ́ oníṣẹ́ ère. Òpópónà tí ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Jámánì wà nígbà ogun ń jẹ́ Gerrit van der Veenstraat lónìí. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń wo ère ìrántí ilẹ̀ yẹn mọ̀ pé àwọn kan wà tó yẹ kó wà lára àwọn tó ṣe é, tí wọn kò sí mọ́.

Kí ló dára jù láti fi ṣe ère ìta, òkúta tàbí idẹ?

Níbi tí yìnyín bá ti ń já, idẹ ló rọrùn jù láti tọ́jú. Ẹ wo ère ìrántí orílẹ̀-èdè tó wà ní Dam ní Amsterdam. J. J. P. Oud ló ya ilé rẹ̀, John Rädecker ló ṣe ère ara rẹ̀: àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè, obìnrin tó gbé ọmọ, àti ajá tó ń hu. Ọwọ̀n rẹ̀ ga tó 22 mítà. Rädecker kú ní oṣù Kìíní ọdún 1956, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà; àwọn ọmọ rẹ̀ ló bá a parí rẹ̀.

Òkúta travertine ni wọ́n lò. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ihò kéékèèké kún ara rẹ̀. Òjò ń wọ inú ihò, omi á dì, omi tó bá dì á sì fẹ̀ ní nǹkan bí 9%, á wá máa fa òkúta ya láti inú. Ère náà bàjẹ́ débi pé wọ́n tú u palẹ̀ láti tún un ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1990. Bí ẹ bá fẹ́ òkúta dandan, ẹ yan èyí tí kì í mu omi, ẹ jẹ́ kí orí gbogbo ibi tó tẹ́jú dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí omi lè ṣàn, kí ẹ má sì fi irin kankan sínú rẹ̀ àyàfi sitéńlẹ́ẹ̀sì.

Síbẹ̀, àwọn ohun kan wà tí òkúta ń sọ tí idẹ kò lè sọ. Obìnrin Putten ò lè jẹ́ idẹ. Ó di aṣọ ìnujú mú lọ́wọ́, ó dá dúró bí ẹni tí kò ní ibì kankan tó ń lọ mọ́, ìwúwo òkúta yẹn gan-an ló sì sọ ọ́.

Mò ń bójú tó ère idẹ kan níta. Omi àwọ̀ ewé ń ṣàn lára rẹ̀, àwọn ibì kan sì dúdú. Ṣé kí n fi ásíìdì fọ̀ ọ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ibi tí òjò ń kàn ló ń di àwọ̀ ewé, ibi tí òjò kò dé ló ń dúdú. Méjèèjì kì í pa ère. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí kò le àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ fi ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn ún, kí ẹ fi aṣọ nù ún kó dán. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, omi oníkiloríìnì àti ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi, ẹ gbé gbogbo wọn jìnnà.

Ohun méjì ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Bí ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé fífọ́ bá ń yọ lójú kan náà lẹ́yìn tí ẹ ti nù ún, iyọ̀ ti wọ inú idẹ nìyẹn, ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú iṣẹ́ ọnà. Bí ó bá sì jẹ́ pupa bí ìdọ̀tí irin ló ń ṣàn nítòsí ẹsẹ̀, irin kan wà nínú. Ẹ tún wo abẹ́ ẹsẹ̀ ère: ó yẹ kí ihò tó tó 8 mìlímítà wà níbi tó rẹlẹ̀ jù. Bí ó bá ti dí, omi á jókòó sínú, á dì nígbà òtútù, á sì ya ẹsẹ̀.

Ṣé mo lè fi fọ́tò De Dokwerker sínú ìwé mi?

Ẹ lè fi sí i, bí ẹ bá yà á bó ṣe wà níbẹ̀. Òfin Nẹ́dálándì, abala 18 nínú Auteurswet, gbà pé kí ènìyàn ya ohun tó wà títí lọ ní gbangba kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Àmọ́ kò gbà pé kí ẹ ṣe ère kékeré rẹ̀ tà. Ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, Andriessen sì kú ní 1979, nítorí náà ìparí 2049 ni ti rẹ̀ máa tó tán.

Lely tó wà lórí ọwọ̀n gíga ní Lelystad, ṣé òun náà ni ti Afsluitdijk?

Ẹ̀dà rẹ̀ ni. Hans van Houwelingen ló gbé e sórí ọwọ̀n tó ga ju 30 mítà lọ. Ní Afsluitdijk, ẹ lè dúró tì í kí ẹ rí bí ó ṣe tẹ̀ síwájú sínú afẹ́fẹ́. Ní Lelystad, òjìji rẹ̀ nìkan ni ẹ ó rí.

Ọjọ́ kan péré ni mo máa lò ní Amsterdam. Kí ni kí n kọ́kọ́ lọ wò?

Ẹ ti ibùdókọ̀ mẹ́tírò Waterlooplein rìn dé Jonas Daniël Meijerplein, kò jìnnà. Ẹ yí De Dokwerker ká, kí ẹ má kàn wo iwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ dára tó iwájú. Ẹ lọ sí Dam, kí ẹ lọ sí Westermarkt wo Anne Frank. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé yín dé Haarlem láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, bí àkókò bá ṣẹ́ kù. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kejì lẹ́ ó débẹ̀, ẹ tètè lọ láàárọ̀, torí ní ìrọ̀lẹ́ àwọn ará ìlú máa ń tò lọ gbé òdòdó síbẹ̀, òdòdó náà sì máa ń bo pèpéle mọ́lẹ̀ tí ẹ ò fi ní rí ẹsẹ̀ ère.